Àdápútà há sẹ́nu kámẹ́rà àtijọ́: báwo ni mo ṣe lè yọ ọ́ láìba nǹkan jẹ́?

Ará Kubwa, Abuja

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ẹlẹ́fọ́tò àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Mo ní kámẹ́rà Pentax K1000 kan tí àbúrò bàbá mi fún mi, mo sì ní lẹ́ńsì Super-Takumar 55 mm tí bàbá mi ń lò ní Kàdúná láyé ìgbà tí wọ́n ṣì ń ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù fún àwọn èèyàn. Lẹ́ńsì bàbá mi jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń lọ́ wọlé bí ìdérí ìgò, kámẹ́rà tèmi sì jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń ti eyín lẹ́ńsì bọ àlàfo ẹnu rẹ̀ kí wọ́n tó yí i díẹ̀, nítorí náà mo ra àdápútà kan, òrùka pẹlẹbẹ tí kò ní orúkọ kankan lára, láti fi so àwọn méjèèjì pọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi lò ó nínú ọyẹ́ tó mú wa yìí, tí eruku fi ń wọ ibi gbogbo, títí kan inú àpò tí mo ti zíìpù rẹ̀ pa.

Lánàá, mo fẹ́ dá lẹ́ńsì tó bá kámẹ́rà wá padà sẹ́nu rẹ̀. Mo lọ́ Takumar, ó jáde wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n àdápútà jókòó síbẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Mo tẹ bọ́tìnnì tó máa ń tú lẹ́ńsì sílẹ̀, kò dáhùn. Mo fi ìka méjì fún un, mo yí i, kò mira. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń lo Nikon gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń yí i sí, ó sì fi agbára yí i. Láti ìgbà náà ni mo ti ń rò pé ó tún le sí i. Alátùn-únṣe kan ní Wuse ní kí n gbé e wá kí òun fi púláyà fà á yọ, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ìsọmọlórúkọ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ yà ní ọjọ́ Sátidé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí o.

Bàbá Fọ́tò, Kàdúná

Àbúrò, má gbé e lọ sí Wuse. Kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú gbogbo ohun tí o sọ yẹn, àfi bí ọ̀rẹ́ rẹ bá ti bà á jẹ́.

Bọ́tìnnì tí o ń tẹ̀ yẹn kò ní iṣẹ́ kankan lórí àdápútà pẹlẹbẹ. Lẹ́ńsì tó bá kámẹ́rà wá ní ihò kékeré kan lẹ́yìn, inú ihò náà ni irin ìdè kámẹ́rà máa ń bọ́ sí, irin náà sì ni bọ́tìnnì ń fà wọlé. Àdápútà rẹ kò ní irú ihò bẹ́ẹ̀. Ohun tó dè é mọ́lẹ̀ ni sípíríǹgì kékeré kan tó wà lára òun fúnra rẹ̀. Tan tọ́ọ̀ṣì fóònù rẹ, wo etí òrùka náà láti inú: wàá rí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó tẹ̀ bí eékánná tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, tí síkúrù tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ ìránṣọ lọ dì í mú ní orí kan, tí orí kejì sì ṣe ìkọ́ díẹ̀. Ìkọ́ yẹn ló ń ṣe agídí. Fi ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó tì í sí apá ààrin òrùka, má ṣe tì í sísàlẹ̀, kí o sì máa yí òrùka náà sí òdìkejì bí ọwọ́ agogo ṣe ń lọ nígbà tí o bá kọjú sí ẹnu kámẹ́rà.

Ní ti ọ̀rẹ́ rẹ, kò purọ́ o. Lẹ́ńsì Nikon ń jáde sí ọwọ́ ọ̀tún lóòótọ́. Pentax kò rí bẹ́ẹ̀, òdìkejì ni. Ọ̀pọ̀ wa tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀kan kí a tó bọ́ sí èkejì la ti fi ọwọ́ ara wa dè é pa rí.

Ọmọ Sábó, Kano

Mo kí Bàbá Fọ́tò o. Mo fẹ́ fi àbá kan kún un. Bí òrùka náà bá ń yọ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́ nítorí pé ó pẹlẹbẹ jù, wá túùbù ìyàwòrán ohun kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń lọ́ sáàárín lẹ́ńsì àti kámẹ́rà, tó ní tírẹ́ẹ̀dì 42 mm bíi ti Takumar. Lọ́ ọ sínú àdápútà náà, o ti ní nǹkan gbọọrọ tí o lè fọwọ́ mú nìyẹn, kí o wá yí gbogbo rẹ̀ jáde pọ̀.

Alátùn-únṣe, Zaria

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo yín. Mo kí Bàbá Fọ́tò, wọ́n ti sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ṣùgbọ́n kí Ará Kubwa tó sáré wá túùbù, ẹ jẹ́ ká ro ọ̀rọ̀ Ọmọ Sábó yẹn dáadáa, nítorí ó dára létí ṣùgbọ́n ọwọ́ kò lè ṣe é. Apá ibo ni tírẹ́ẹ̀dì ń tú sí? Òdìkejì bí ọwọ́ agogo ṣe ń lọ. Apá ibo ni àdápútà ń jáde sí lẹ́nu Pentax? Apá kan náà ni. Nítorí náà, bí o bá di túùbù mú tí o sì yí i, òun fúnra rẹ̀ ni yóò tú kúrò nínú àdápútà, àdápútà yóò sì tún jókòó sí àyè rẹ̀. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí Takumar bàbá rẹ lánàá. Bó bá jẹ́ ẹnu Nikon ni, nǹkan ì bá yàtọ̀, nítorí nígbà náà apá tí ń tú àdápútà ni yóò máa fún tírẹ́ẹ̀dì pọ̀.

Ọ̀nà tí mo ń gbà ṣe é lórí tábìlì mi rèé. Kọ́kọ́ yọ fíìmù kúrò bí ó bá wà nínú rẹ̀. Má ṣe gbé dígí inú ẹnu kámẹ́rà sókè. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń sọ pé kí a gbé e kúrò lọ́nà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn dígí yẹn ni aṣọ ṣọ́tà wà, ìyẹn ìlẹ̀kùn tí ń ṣí tí ń pa níwájú fíìmù, aṣọ gidi sì ni lára K1000, aṣọ dúdú tí wọ́n fi rọ́bà pa. Ìkọ́ irin kan ṣoṣo tó bá yọ̀ lọ́wọ́ rẹ ti lu ihò sí i, gbogbo fọ́tò tí o bá sì yà lẹ́yìn náà ni ìmọ́lẹ̀ yóò máa tọ́ sí. Jẹ́ kí dígí wà nísàlẹ̀, gé páálí funfun tó mọ níwọ̀n, kí o rọra tẹ́ ẹ lé e lórí. Dígí náà kò jọ ti iyàrá ìwẹ̀: iwájú gan-an ni wọ́n fi fàdákà rẹ̀ sí, kì í ṣe ẹ̀yìn, nítorí náà bí o bá fi ìka kàn án, ọ̀rá ọwọ́ rẹ ti wà lórí ibi tí àwòrán ń bà sí, bí o bá sì fi aṣọ nù ún, o ti họ ọ́.

Lẹ́yìn náà, ti ìkọ́ náà sí ààrin. Má ṣe lo irin. Igi ìtayín tó le, tàbí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tí o gé ẹnu rẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀, tó ó ṣe. Èmi fẹ́ràn ẹyọ ìgbálẹ̀ nítorí pé bí ó bá yọ̀, òun ni yóò ṣẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà ni bí wọ́n ṣe ń di òrùka náà mú. O ní ìka méjì lo fi fún un. Òrùka tín-ín-rín ni, bí o bá fún un láti ẹ̀gbẹ́ méjì, kò ní dúró bí òrùka mọ́, yóò ṣe bí ẹyin díẹ̀, ojú rẹ kò ní rí i, ṣùgbọ́n ẹnu kámẹ́rà yóò mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ ni bí o bá ṣe ń fún un sí i ni yóò máa há sí i. Má fún un rárá. Wá túùbù inú táyà kẹ̀kẹ́, gé e ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, fi ọtí sípírítì nù ún kí ìyẹ̀fun ara rẹ̀ lè kúrò. Lu ihò kékeré kan sí ibi tí yóò bọ́ sí orí sípíríǹgì kí ẹyọ ìgbálẹ̀ lè ráyè kọjá, tẹ́ rọ́bà náà lé òrùka lójú, fi àwọn ìka rẹ tẹ̀ ẹ́ yíká dọ́gbadọ́gba, kí o sì yí i. Títẹ̀ ni kí o tẹ̀ ẹ́. A hankali, ìyẹn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí àwọn ará ibí ṣe máa ń sọ.

Ọmọ Sábó, Kano

Mo gbà, ẹ̀gbọ́n. Mo lọ gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà tèmi lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ yín, túùbù náà tú bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ó sì fi àdápútà sílẹ̀. Ẹ ṣeun.

Ìyá Ìbejì, Jos

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti púláyà, kí ọmọ yìí má baà tún rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnìkan fi púláyà yọ irú òrùka bẹ́ẹ̀ lẹ́nu kámẹ́rà tèmi lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn. Ó jáde lóòótọ́. Ṣùgbọ́n eyín púláyà gé etí ẹnu kámẹ́rà, irin náà sì yọ ṣóńṣó níbẹ̀ bí ẹ̀gún, débi pé lẹ́ńsì tí mo bá fi sí i lẹ́yìn náà kì í jókòó dáadáa. Bí mo bá ya ẹgbẹ́ ìyàwó, àwọn tó wà lápá òsì yóò mọ́ kedere, àwọn tó wà lápá ọ̀tún yóò ṣe bàìbàì. Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tó ń ṣe é, ẹ̀bi ojú mi ni mo kọ́kọ́ ń dá. Ohun tí ó wà láàárín ẹnu kámẹ́rà àti fíìmù kò ju 45.46 mm lọ lára Pentax, ìwọ̀n tí kò sì tó ìbú irun orí ti tó láti ba àwòrán jẹ́ nígbà tí o bá ṣí lẹ́ńsì gbayawu.

Mo tún bẹ̀ ọ́, má ṣe fọ́n epo sí i. Irú epo inú agolo tí àwọn mẹkáníìkì ń fọ́n sí bóòtù tó ti dípẹtà fẹ́lẹ́ púpọ̀, kì í dúró sí ibi tí o fi í sí. Yóò yọ́ wọ inú ibi tí dígí ti ń gbéra, yóò gun gíláàsì tí àwòrán ń hàn lórí rẹ̀, bí lẹ́ńsì bá sì wà lára rẹ̀, yóò dé ara àwọn abẹ tín-ín-rín tí ń ṣí tí ń pa ihò lẹ́ńsì, wọn yóò sì lẹ̀ mọ́ra wọn.

Ọmọ Gwarinpa, Abuja

Ẹ má bínú sí ìbéèrè mi, nítorí èmi kì í ṣe ògbóǹtarìgì. Ṣé irin kì í fẹ̀ nínú ooru ni? Bí ó bá gbé kámẹ́rà sójú oòrùn ọ̀sán Abuja yìí fún wákàtí kan, tàbí tó gbé e sínú fíríìjì, ṣé kò ní tú fúnra rẹ̀?

Alátùn-únṣe, Zaria

Ìbéèrè tó dára ni, àbúrò. Irin ń fẹ̀ lóòótọ́, alumíníọ̀mù sì ń fẹ̀ ju idẹ lọ, nítorí náà ooru díẹ̀ lè tú tírẹ́ẹ̀dì tó há, bí èyí tó wà lóde bá ń fẹ̀ ju èyí tó wà nínú lọ. Bó bá jẹ́ òdìkejì ni, ooru kan náà ni yóò tún dè é pa, o kò sì lè fojú lásán mọ irú irin tí àdápútà aláìlórúkọ jẹ́. Ti Ará Kubwa kò sì kan tírẹ́ẹ̀dì, ìkọ́ ló mú un, ìkọ́ kò sì mọ ohun tó ń jẹ́ ooru.

Bó bá jẹ́ pé lẹ́ńsì ló há sínú àdápútà, tí kò sì sí lára kámẹ́rà, o lè fi aṣọ tí o rì sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí o sì fún gbẹ dáadáa yí àdápútà náà ká fún ìṣẹ́jú méjì. Kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oje igi kan tí wọ́n ń pè ní Canada balsam ni wọ́n fi lẹ gíláàsì inú ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì àtijọ́ mọ́ra wọn, oje náà sì ń rọ̀ bí ó bá gbóná. Nípa bẹ́ẹ̀, ojú oòrùn kò bá a mu, inú ọkọ̀ tí a ti fèrèsé rẹ̀ pa kò tilẹ̀ ṣeé sọ. Ti fíríìjì burú jù, nítorí bí o bá gbé e jáde sínú ooru, omi yóò sẹ̀ sára gíláàsì láti inú, ibẹ̀ ni olú sì ti máa ń hù.

Ará Kubwa, Abuja

Ẹ kú àánú mi o. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ lálẹ́ àná, kò tíì jáde, ṣùgbọ́n mo ti rí nǹkan. Mo tẹ́ páálí, mo gé túùbù kẹ̀kẹ́, mo tẹ̀ ẹ́ bí ẹ ṣe wí. Òrùka náà yí díẹ̀, bóyá ìwọ̀n ẹyọ ìrẹsì kan, ó wá dúró gbọin-in. Mo fi fóònù ya sípíríǹgì náà, mo sì fẹ àwòrán rẹ̀. Orí síkúrù rẹ̀ kò jókòó sínú ihò rẹ̀ mọ́, ó yọrí díẹ̀, sípíríǹgì fúnra rẹ̀ sì ti yẹ̀ sápá kan, débi pé bí mo bá ti ìkọ́ sí ààrin, yóò tẹ̀ lé mi, ṣùgbọ́n bí mo bá ti ń yí òrùka ni yóò tún padà lọ fi ẹnu gún etí eyín kámẹ́rà. Eruku tó ti dì bí amọ̀ tún wà láàárín wọn. Mo rò pé agbára tí ọ̀rẹ́ mi lò ló yẹ̀ ẹ́.

Alátùn-únṣe, Zaria

O ṣeun tí o ya àwòrán rẹ̀. Ìṣòro méjì ló wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Eruku ni àkọ́kọ́. Má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ yóò tẹ̀ lé e. Má sì lo agolo atẹ́gùn tí wọ́n ń fi ń fẹ́ kọ̀ǹpútà, agbára rẹ̀ lè ṣí aṣọ ṣọ́tà nípò. Ṣé o mọ bọ́ọ̀lù rọ́bà kékeré tí àwọn ìyá fi ń fa ikun nímú ọmọ ọwọ́? Ra tuntun ní ilé ìtajà oògùn, òun gan-an ni. Dojú kámẹ́rà dé, kí ẹnu rẹ̀ máa wo ilẹ̀, kí o sì máa fẹ́ ẹ láti ìsàlẹ̀ wá sókè, kí eruku tó bá tú lè já bọ́ síta dípò kí ó wọnú lọ.

Sípíríǹgì ni èkejì. Má gbìyànjú láti tú síkúrù yẹn tán lẹ́nu kámẹ́rà, nítorí bí ó bá já bọ́ sínú ibi tí dígí ti ń gbéra, ọ̀rọ̀ náà ti di ti títú gbogbo kámẹ́rà nìyẹn. Ohun tí o fẹ́ ni kí ìkọ́ náà má lè padà. Gé ìrù fíìmù, ibi tí a kì í ya nǹkan sí, ní fífẹ̀ ìwọ̀n igi ìṣáná. Kò nípọn, kò sì tètè ya. Fi ẹyọ ìgbálẹ̀ ti ìkọ́ sí ààrin, kí o sì ti ìrù fíìmù náà bọ àárín ìkọ́ àti etí eyín kámẹ́rà. Fa ẹyọ ìgbálẹ̀ yọ. Bí o bá ṣe é bí ó ṣe yẹ, ìkọ́ yóò máa gun ara fíìmù, kò ní rí etí irin gún mọ́. Tẹ́ rọ́bà rẹ padà, jẹ́ kí ìrù fíìmù náà yọrí láti inú ihò rọ́bà, kí o sì yí i. Ṣe é lórí aṣọ funfun, kí kámẹ́rà máa wo ilẹ̀ ní ìdagẹ̀rẹ̀, kí o lè rí ohunkóhun tó bá já bọ́.

Bàbá Fọ́tò, Kàdúná

Àdúgbò tí mo wà yìí kò ní alátùn-únṣe tó ní irú sùúrù báyìí mọ́. Ẹ pẹ́ fún wa o.

Àbúrò, bí ó bá rẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, gbé e kalẹ̀, lọ jẹun, kí o padà. Ìgbà tí ọwọ́ bá ti ń gbọ̀n ni dígí máa ń bàjẹ́.

Ará Kubwa, Abuja

Ó ti jáde o!

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ó ṣe lọ, nítorí ẹlòmíràn lè kàn án lọ́la. Ìgbà mẹ́rin ni mo ti ìrù fíìmù náà bọ̀ ọ́ kí ó tó dúró. Ìgbà àkọ́kọ́, mo gé e fẹ̀ jù, ó ká bí ewé. Ní ìgbà kejì, ẹyọ ìgbálẹ̀ ṣẹ́, inú mi sì dùn pé kì í ṣe irin ni mo lò, nítorí orí páálí ni ẹnu rẹ̀ já bọ́ sí, orí dígí gan-an ni páálí náà sì wà. Ní ìgbà kẹta, mo rí i pé bí mo ṣe ń tẹ rọ́bà ni mo ń ti fíìmù jáde, nítorí náà ní ìgbà kẹrin mo gé ihò rọ́bà náà gùn sí i, mo sì tẹ apá kejì òrùka ju apá sípíríǹgì lọ. Mo gbọ́ ìró kékeré kan, *kẹ́*, bí ìgbà tí èèyàn bá fi eékánná ta ojú abọ́ tánganran, òrùka náà sì yí. Mo kọ́kọ́ rò pé nǹkan ti dá. Ìkọ́ ló kọjá etí eyín kámẹ́rà.

Síkúrù náà já bọ́ sórí aṣọ funfun bí mo ṣe gbé òrùka kúrò. Ká ní mo dojú kámẹ́rà sókè ni, ẹ̀yin náà mọ ibi tí ì bá wà báyìí. Ẹnu kámẹ́rà kò ní ojú ọgbẹ́ kankan, lẹ́ńsì rẹ̀ wọlé, ó dún bí ó ṣe máa ń dún, mo sì wo òkèèrè àti ìtòsí nínú rẹ̀, ó mọ́ lọ́tùn-ún lósì.

Ìbéèrè kan ló kù. Ṣé kí n tún sípíríǹgì náà ṣe ni, àbí kí n kúkú lo òrùka láìsí i? Mo rí i pé àwọn kan ń yọ ọ́ kúrò.

Ìyá Ìbejì, Jos

Ọpẹ́ o! Èmi yọ tèmi kúrò, n kò sì kábàámọ̀. Àdápútà máa ń bá lẹ́ńsì jáde lọ́pọ̀ ìgbà báyìí, bí kò bá sì jáde, ìka lásán ti tó láti yí i.

Bàbá Fọ́tò, Kàdúná

Èmi kò fara mọ́ ọn, Ìyá Ìbejì, ẹ dákun. Bí sípíríǹgì kò bá sí, kò sí ohun tó di òrùka mú mọ́ ju fífún tí ó fún lọ. Takumar tó ti gbó lè le láti yí nígbà tí èèyàn bá ń wá kí àwòrán mọ́ kedere. Bí èèyàn bá sì yí i lágbára sí apá tí ń tú òrùka, gbogbo rẹ̀ lè yẹ̀ díẹ̀, ẹni tó ń yàwòrán kò sì ní mọ̀ títí lẹ́ńsì yóò fi fẹ́ bọ́ sílẹ̀. Mo ti fi orúnkún gba lẹ́ńsì kan rí, lójú agbo, níwájú ìyàwó. Ní tèmi, kí ó tún un ṣe, kí ó fi àlàfo díẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì máa yọ òrùka náà ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ nígbà ọyẹ́ kí eruku má baà di amọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Alátùn-únṣe, Zaria

Ẹni tó ní lẹ́ńsì méjì tí ó ń pààrọ̀ wọn lójú agbo lè tẹ̀ lé Ìyá Ìbejì. Ẹni tí lẹ́ńsì kan ṣoṣo wà lẹ́nu kámẹ́rà rẹ̀ láti oṣù dé oṣù, kí ó tẹ̀ lé Bàbá Fọ́tò. Ará Kubwa, ní tìrẹ, bí tírẹ́ẹ̀dì síkúrù náà kò bá tíì jẹ, dá a padà, fi bíńtín àwọ̀ èékánná kan án lórí kí ó má baà tún tú. Bíńtín ni mo wí.

Ohun kan tún ni pé má jẹ́ kí ìbínú òní mú ọ lọ ra àdápútà onígbèrú, irú èyí tó ní etí fífẹ̀ níta tí èèyàn lè fọwọ́ mú. Ó rọrùn láti yọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n etí yẹn ti lẹ́ńsì síwájú. Lẹ́ńsì onítírẹ́ẹ̀dì 42 mm àti ẹnu K, irú ti K1000 rẹ, tí Pentax gbé jáde ní ọdún 1975 ní ìwọ̀n kan náà sí fíìmù, nǹkan pẹlẹbẹ tó bọ́ sínú ẹnu pátápátá nìkan ló sì lè pa ìwọ̀n yẹn mọ́. Pẹ̀lú onígbèrú, ẹni tó jókòó níwájú rẹ yóò mọ́, ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ ya òkè Zuma láti ojú títì, kò ní mọ́ láéláé.

Ará Minna

Ẹ jọ̀wọ́, tèmi súnmọ́ èyí. Kámẹ́rà Zenit ni mo ní, òrùka tín-ín-rín tó ń sọ 39 mm di 42 mm ló kù sínú ẹnu rẹ̀ lẹ́yìn tí mo lọ́ lẹ́ńsì kúrò. Kò sí sípíríǹgì lára rẹ̀.

Alátùn-únṣe, Zaria

Tìrẹ rọrùn ju tiwọn lọ, tírẹ́ẹ̀dì lásán ló mú un. Wò ó bóyá wọ́n gé ojú méjì kéékèèké sí i ní ọ̀kánkán ara wọn. Bí ó bá ní, gé rúlà irin tín-ín-rín kan kí orí rẹ̀ méjèèjì bọ́ sínú ojú náà lẹ́ẹ̀kan náà, bo dígí, kí o sì yí i sí òdìkejì bí ọwọ́ agogo ṣe ń lọ. Bí kò bá ní, lo rọ́bà ìpàwérẹ́ àwọn ọmọ iléèwé, èyí tó tóbi tó láti kan ẹ̀gbẹ́ méjèèjì òrùka náà láti inú. Tì í bọ̀ ọ́ kí ó fún díẹ̀, kí o sì yí i. Bí o bá tún fẹ́ lo lẹ́ńsì náà, kọ́kọ́ de òrùka mọ́ lẹ́ńsì níta kí o tó lọ́ ọ sẹ́nu kámẹ́rà, bíńtín àwọ̀ èékánná lórí tírẹ́ẹ̀dì tó.

Ará Minna

Mo ti ń wá rọ́bà ìpàwérẹ́ nínú báàgì ọmọ mi. Ẹ ṣeun, sà.

Ará Kubwa, Abuja

Mo ti dá síkúrù padà. Àdápútà wà nínú páálí ìṣáná lórí tábìlì mi, lẹ́ńsì K ni mo fẹ́ gbé lọ ní Sátidé. Tí mo bá fọ fíìmù náà tán, ẹ̀yin ni ẹ ó kọ́kọ́ rí i.